Bí A Ṣe Lè Mọ Ibi tí Títì Wa Ti Ń Fẹ́ Àtúnṣe

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú wa ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohunkóhun tí ó bá wù mí, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, nítorí pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ náà, tí mo ká ṣòkòtò mi dé orúnkún nítorí ẹrẹ̀, mo pinnu pé ọ̀rọ̀ títì ni n ó sọ. N kò wá láti bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí a lè gbà mọ ibi tí títì ti ń fẹ́ àtúnṣe, kí a tó ná kọ́bọ̀ kan lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bi ti ara mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ yìí láti tún ọ̀nà ṣe. Ẹ ó rántí kòtò ńlá tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa, tí ọkọ̀ akẹ́rù kan rì sí ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí ó sì dí gbogbo wa lọ́nà títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Gbogbo ẹnu ni ó ń pariwo kòtò náà. Nígbà tí a jókòó láti pinnu ibi tí owó yóò lọ, èmi gan-an ni mo dìde, tí mo ní kí a dí i kí ìlú lè mọ̀ pé a ń ṣiṣẹ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. A da yangí àti òkúta sí i, a fi kọnkéré bo ojú rẹ̀, a sì ya fọ́tò. Kí òjò ọdún kejì tó dá, kọnkéré náà ti dá dúró láàárín ọ̀nà bí erékùṣù, kòtò méjì mìíràn sì ti là sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.

Kì í ṣe ti kòtò yìí ni ó dùn mí jù. Ní apá òkè ọ̀nà yẹn kan náà, ọ̀dà ṣì wà lójú títì nígbà tí à ń pàtẹ́wọ́. Kìkì pé ó ti ń là wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, iyanrìn àti pàǹtí sì ti dí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ibẹ̀, nítorí pé mọ́tò kankan kò tíì rì níbẹ̀. Lónìí, ọ̀dà náà kò sí mọ́. Omi tí kò rí gọ́tà gbà ni ó gba ojú títì, tí ó wọ inú ibi tí ó là, tí ó sì rọ ìdí títì náà di ẹrẹ̀. Omi kan náà ni ó ṣàn dé ìsàlẹ̀ tí ó hú ẹ̀gbẹ́ kọnkéré wa. Ohun tí à bá fi ṣọ́bìrì, agbada ọ̀dà díẹ̀ àti iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan tún ṣe, kò sí ohun tí ẹgbẹ́ wa lè fi tún un ṣe mọ́.

Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀kọ létí ọ̀nà náà, tí ó san owó ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé, pè mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní, “Tíṣà, ṣé títì tí mo san owó fún nìyí?” N kò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìwé kà lórí bí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń pinnu ibi tí wọn yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn. Ohun tí mo rí ni mo kó wá fún yín.

Ọ̀ràn tí ó dà wá láàmú yìí ti da àwọn tí ó lówó jù wá lọ láàmú rí. Láti ọdún 1958 sí 1960, ní ẹ̀bá ìlú Ottawa ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà (kì í ṣe Ottawa tí í ṣe olú-ìlú Kánádà), àwọn aláṣẹ ọ̀nà ilẹ̀ náà la títì sílẹ̀ fún ìdánwò nìkan. Wọ́n mú àwọn ọmọ ogun wá, wọ́n ní kí wọ́n máa wa ọkọ̀ akẹ́rù yípo lórí rẹ̀ fún bí ọdún méjì, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí bí títì ṣe ń kú. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé títì ti ń kú? Wọ́n kó àwọn ènìyàn jọ sínú ọkọ̀, wọ́n gbé wọn gba orí títì oríṣiríṣi, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù fún títì kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 5, gẹ́gẹ́ bí àwa tíṣà ti ń fún ọmọ ní máàkì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi ohun èlò wọn àwọn títì kan náà. Wọ́n rí i pé ohun tí ó ń pinnu máàkì náà ju ohun gbogbo lọ ni bí ojú ọ̀nà ti tẹ́jú tó tàbí bí ó ti jẹ́ gbágungbàgun tó ní gígùn rẹ̀. Títì tí ó là àti títì tí a lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí máàkì padà, nítorí pé ẹni tí ó jókòó nínú ọkọ̀ kì í mọ̀ ọ́n lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn pamọ́ sọ́kàn, nítorí n ó padà sí i.

Ohun mìíràn wà tí wọ́n rí níbẹ̀, tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí ẹrù tí ó wà lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe fún títì kì í ṣe ìlọ́po méjì; ó ń súnmọ́ ìlọ́po 16. Ẹ wá ro ti ọkọ̀ oníyanrìn tí ó ń gba àárín àdúgbò wa kọjá kí ó má baà pàdé àwọn ọlọ́pàá ní títì ńlá. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ń ba títì wa jẹ́ ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kékeré yín lọ. Irin méjì tí a bá rì mọ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà lè pa owó mọ́ fún wa ju kọnkéré lọ, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá gbà fún wa.

Lẹ́yìn ti Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń fi òṣùwọ̀n tirẹ̀ wọn ọ̀nà, bí ìgbà tí ọjà kan ń fi kóńgò wọn gàrí tí ọjà kejì ń fi mọ́dù wọn ọ́n. Kò sí bí ẹni tí ó wà ní Bràsíìlì ṣe lè fi ọ̀nà tirẹ̀ wé ti ilẹ̀ Faransé. Nítorí náà, ní ọdún 1982, Báǹkì Àgbáyé kó ohun èlò oríṣiríṣi jọ sí ìlú Brasília, wọ́n fi gbogbo wọn wọn àwọn ọ̀nà kan náà, wọ́n sì ti ibẹ̀ yọ òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí gbogbo ayé lè máa lò. Ní ọdún 1986 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde. IRI ni a ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọkọ̀ kan ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ó ti ń gba orí gbágungbàgun, sípíríǹgì ìdí rẹ̀ ń kó jọ, ó sì ń nà. Bí a bá ro gbogbo kíkójọ àti nínà náà pọ̀ fún kìlómítà kan, tí ó sì jẹ́ mítà 5, IRI ọ̀nà náà jẹ́ 5 nìyẹn. Ọ̀nà tí kò bá mi ọkọ̀ rárá, òdo ni. Títì tuntun sábà máa ń wà láàárín 1.5 àti 3.5. Títì ọlọ́dà tí ó ti bàjẹ́ máa ń wà láàárín 4 àti 11, ọ̀nà ilẹ̀ tí a kò tọ́jú sì lè wà láti 8 títí dé 20.

Ẹ ó sọ pé, Tíṣà, níbo ni a ó ti rí ẹ̀rọ òyìnbó tí ó ń wọn èyí? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi nínú nìyí. Òótọ́ ni pé àwọn ìjọba ńlá ń lo ọkọ̀ tí ó ní iná léésà lábẹ́, tí owó rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀nà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwé kan jáde tí M. A. Cundill kọ, lórí ohun èlò olówó pọ́ọ́kú kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ilẹ̀ bíi tiwa. MERLIN ni orúkọ rẹ̀, kápẹ́ńtà tàbí wẹ́dà Òkè-Ìlá sì lè ṣe é.

Ẹ fojú inú wo igi gbọọrọ kan tí ó dà bí ọmọlanke gígùn. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere kan wà níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ irin kan tí kì í yí wà lẹ́yìn, àlàfo tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì sì jẹ́ mítà 1.8. Ní àárín gbùngbùn wọn, irin kékeré kan sọ̀kalẹ̀ tí ó ń fi orí kan ilẹ̀. A so irin yìí mọ́ ọ̀pá kan tí ó ń mì lórí ìṣó. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá rì tàbí tí ó bá ga ní mìlímítà kan péré, orí ọ̀pá náà lókè yóò sún ní mìlímítà 10. Ìwé kan tí a fa ìlà sí wà níbi tí orí ọ̀pá yìí ń dé. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a ó fi pákó pẹlẹbẹ tí ó nípọn tó mìlímítà 6 sábẹ́ irin àárín náà. Bí orí ọ̀pá kò bá sún ní mìlímítà 60, kápẹ́ńtà wa ti ṣi igi gé nìyẹn, a ó sì ní kí ó tún un ṣe.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. A ó fi ẹfun sàmì sí ibì kan lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà. A ó gbé e sí ipa tí táyà ọkọ̀ ń gbà, a ó wo ibi tí orí ọ̀pá dúró sí, a ó sì fa àmì kékeré kan sórí ìwé níbẹ̀. A ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè bí ẹni tí ń ti ọmọlanke, a ó tì í síwájú títí àmì ẹfun yóò fi yí dé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó gbé e kalẹ̀, a ó tún fa àmì. Igba ìgbà ni a ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ máa ń lọ bíi mítà méjì kí ó tó yí po, a ó ti rìn tó irínwó mítà. A kò gbọdọ̀ yẹra fún kòtò, a kò sì gbọdọ̀ wá a lọ. Ibi tí ẹfun bá kalẹ̀ sí ni ibi tí a ó kà. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo mọ̀ wá. Ẹni tí ń ti ohun èlò náà kọjá níwájú ilé ara rẹ̀ lè fẹ́ kí kòtò tirẹ̀ wọnú ìwé.

Bí títì bá tẹ́jú, àwọn àmì igba náà yóò kó jọ sójú kan bí àgbàdo tí a gbá jọ. Bí ó bá jẹ́ gbágungbàgun, wọn yóò tú ká bí èyí tí a dà fún adìẹ. A ó ka àmì 10 kúrò ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, a ó ka 10 kúrò ní ìpẹ̀kun òsì, a ó sì fi rúlà wọn ìbú ibi tí ìyókù gbà ní mìlímítà. A ó sọ iye náà di ìlọ́po 0.0471, a ó sì fi 0.593 kún un. IRI títì náà nìyẹn. Bí ìbú náà bá jẹ́ 100, ìdáhùn jẹ́ 5.3, bí ó bá jẹ́ 200, ó jẹ́ bíi 10. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà mi lè ṣe ìṣirò yìí láìwo ọwọ́ ara wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní fóònù tí ó wà nínú àpò àwọn lè ṣe é bí a bá gbé e sínú ọkọ̀ tí ń lọ. Òótọ́ ni pé fóònù mọ ìgbà tí a bá mì í. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ ti kú yóò mì lórí títì tuntun, ọkọ̀ olówó ńlá yóò sì fò kòtò bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí ó ti ń sáré tó àti bí afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ ti tó pẹ̀lú ń yí ìdáhùn padà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ohun èlò onígi wọn títì méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ wá fi ọkọ̀ kan náà gba orí wọn, kí a sì wo bí fóònù yín ti ṣìnà tó. Lẹ́yìn ìyẹn, a lè gbà á gbọ́.

Nísinsìnyí mo padà sí ohun tí mo ní kí ẹ fi pamọ́ sọ́kàn. Títì òkè wa, nígbà tí ó ń là wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, kò mi ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Bí MERLIN bá wà lọ́wọ́ wa nígbà náà, iye tí ì bá fún wa kì bá tíì burú. Nítorí náà ìwọ̀n nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá ń ti ohun èlò náà gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì tí ń rìn tẹ̀lé e, tí yóò máa kọ ibi tí ọ̀dà ti là, ibi tí etí títì ti ń jẹrà, àti ibi tí gọ́tà ti dí. Ó sì yẹ kí a tún rìn ín nínú òjò, kí a rí ibi tí omi ń gbà. Orúkọ wa pàápàá ti sọ fún wa pé orí òkè ni a wà. Omi tí ó bá bọ́ sí wa lórí kò ní ṣaláì wá ìsàlẹ̀ lọ, ibi tí a kò bá sì là fún un ni yóò fúnra rẹ̀ là. Mo mọ̀ pé àwọn kan láàárín wa ti mọ ìyẹ̀wù lé gọ́tà. Èyí já sí ọ̀rọ̀ tí a ó jókòó sọ nílé.

Bí a bá ti ní ìwé gbogbo títì wa lọ́wọ́, èwo ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe? Ọkàn gbogbo wa yóò sọ pé èyí tí ó burú jù. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ sì rí ohun tí ó bí. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé a rí títì mẹ́ta, tí IRI ọ̀kan jẹ́ 12, ti ọ̀kan jẹ́ 5, ti ẹ̀kẹta jẹ́ 3. Èyí tí ó jẹ́ 12 ti kú. Kò sí ohun tí ó lè gbà bí kò ṣe pé kí a hú u láti ìpìlẹ̀, kí a tún un là, owó ẹgbẹ́ wa kò sì lè ra ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ 3 kò fẹ́ ju kí a kó gọ́tà rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ 5, tí ó ń là, tí omi sì ti fẹ́ wọ̀, òun ni owó wa lè gbà sílẹ̀ lọ́dún yìí, tí kò sì ní lè gbà sílẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Àwọn baba wa sọ pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Báǹkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní ọdún 1988 fún orílẹ̀-èdè 85 tí ó ń gòkè bọ̀: ọ̀nà tí iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù 45 dọ́là ni wọ́n ti sọnù láàárín ogún ọdún nítorí àìtọ́jú, nígbà tí ó jẹ́ pé owó tí kò tó bílíọ̀nù 12 ni à bá fi tọ́jú wọn lásìkò.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí korò létí ẹni tí ilé rẹ̀ wà lójú títì 12. Òun náà ń san owó ẹgbẹ́, aboyún sì wà nínú ilé tirẹ̀ pẹ̀lú. N kò sọ pé kí a pa á tì. A lè da yangí sí ibi tí ó jìn jù kí ọkọ̀ lè kọjá bí àìsàn bá dé lóru, ṣùgbọ́n kí a pè é ní orúkọ rẹ̀, pé ọ̀nà àbákọjá ni, kì í ṣe títì, kí a má sì ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a mú ìwé ìwọ̀n rẹ̀ lọ bá ẹni tí ó ni ín. Nítorí pé títì ní ọlọ́wọ́. Ọ̀nà Adó sí Ìkẹ̀rẹ́ sí Àkúrẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ ni, ilé-iṣẹ́ tí òfin sì dá sílẹ̀ ní ọdún 2002 láti máa tọ́jú irú rẹ̀ ni FERMA. Ìpínlẹ̀ ni ó ni àwọn mìíràn, ìjọba ìbílẹ̀ sì ni ó ni àwọn ti inú àdúgbò. A ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tó báyìí tí a kò rí èsì rẹ̀ gbà. Gbogbo wọn ni ó sọ pé títì wa burú púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àdúgbò ní Adó tí kò kọ irú rẹ̀. Ìwé tí ó bá sọ pé láti ibí dé ọ̀hún, irínwó mítà, IRI rẹ̀ jẹ́ 12 nínú oṣù Kẹta, ó sì di 14 nínú oṣù Kọkànlá, yóò ṣòro fún ẹnjinníà láti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé ó lè wá wọn ọ́n fúnra rẹ̀.

Mo ti bá kápẹ́ńtà kan sọ̀rọ̀, ó gbà láti fi igi rẹ̀ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Wẹ́dà kan yóò bá wa ṣe irin rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere kan tí kò wọ́, àti ọ̀dọ́ mẹ́rin tí kì yóò sú láti ka igba àmì nínú oòrùn. Ẹni tí ó bá ní irú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé kí ó jọ̀wọ́ mú un wá fún akọ̀wé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, nítorí pé mo fẹ́ kí a wọn gbogbo títì wa lẹ́ẹ̀kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì tún wọn wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ ti fún wa ní ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ láti máa gbé ohun èlò náà sí. Ó ní òun fẹ́ máa rí i lójoojúmọ́.